Ta Ló Ní J Lọ́wọ́?

Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ tí í ránṣọ tí kì í dún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Folúṣadé rí nídìí eré Sikirábù. Bí a bá kó ike kéékèèké tí wọ́n kọ lẹ́tà sí síwájú rẹ̀, pé kó tò wọ́n di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí pátákó, ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, orin á sì máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ koríko. Orin yẹn ló fi ń wá ọ̀rọ̀. Bí orin bá dá, ọ̀rọ̀ dá.

Ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ló ti mú un. Oyèdélé ni orúkọ baba náà, ṣùgbọ́n Bàbá Kátíkíìsì ni gbogbo èèyàn ń pè é nígbà ayé rẹ̀, torí pé òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Kaduna. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé Mímọ́ ló ní, ní èdè méjèèjì, àti ìwé orin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Àwọn wọ̀nyí ló fi ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Á pe lẹ́tà kan, àwọn ọmọ á sì wá ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà náà nínú. Lẹ́tà tó rọrùn kò jẹ ẹ́ lógún. Àwọn alágídí ló fẹ́ràn, J àti Q àti X àti Z, àwọn tó máa ń di ẹrù mọ́ àwọn tó ń ta Sikirábù lọ́wọ́ lónìí. Ó sọ ọ́ di orin fún wọn, òun á lé e, àwọn ọmọ á gbè é:

"Ta ló ní Q lọ́wọ́?"

"Quail ló ni ín, ẹran aginjù!"

"Ta ló ní Z lọ́wọ́?"

"Topaz ló ni ín, ìpìlẹ̀ kẹsàn-án!"

Quail ni àparò tí Ọlọ́run fi bọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ nínú aginjù; òkúta iyebíye tó wà ní ìpìlẹ̀ ìlú mímọ́ tí Jòhánù rí ni àwọn bíi Topaz, wọ́n sì ń kà wọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ àti ipò rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà: bí Bàbá bá ti lé orin, ọmọ gbọ́dọ̀ gbè é. Ọmọ tí kò bá gbè, ìdúró ni yóò wà títí ẹ̀kọ́ yóò fi tán, ojú á sì tì í láàárín ẹgbẹ́. Bàbá á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu bẹ́ǹṣì, á ní, "Ẹ dáhùn, ẹ dáhùn! Bí ẹ̀yin bá dákẹ́, òkúta ni yóò bá yín dáhùn."

Bàbá Kátíkíìsì ti sùn nínú Olúwa tipẹ́. Folúṣadé náà ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ń ṣe tíṣà ní Sabon Tasha, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ní ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n orin náà kò bá bàbá kú. Òun ló fi borí gbogbo ẹni tí wọ́n fi kò ó lójú ní apá gúúsù ìlú, títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá lè borí ẹni yẹn, òun ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ Kaduna ní Ìbàdàn, níbi tí gbogbo ìpínlẹ̀ yóò ti pàdé. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí òun náà ti ń kọ́ lórin yẹn, pé, "Ẹ máa wò ó. Orin yìí ló máa gbé mi dé Ìbàdàn." Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sì ti sọ lójú ọmọdé, ẹ mọ̀ pé kò ṣeé kó jẹ.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fi ìdíje náà sí, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ Sikirábù kan ní Malali. Àlàájà Hàwáwù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní Mando, ló tẹ̀ lé e lọ. Mégádì ẹnu géètì wo gèlè àwọn méjèèjì, ó wo báàgì ńlá tí Hàwáwù gbé dání, ó sì fi Hausa sọ fún wọn pé ẹ̀yìnkùlé ni àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá ń gbà wọlé.

"Haba!" ni Hàwáwù fi dá a lóhùn. "Oúnjẹ wo? Ọ̀gá rẹ la wá jẹ!"

"Àlàájà, ẹ rọra o," ni Folúṣadé wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Moyinọlá, ẹ fi mí sílẹ̀. Èèyàn kì í gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí wọ́n ti pè é ní gbangba."

Ọ̀gá tí Hàwáwù ń wí ni Lọ́yà Adékọ̀yà, alága ẹgbẹ́ tó ni gbọ̀ngàn náà. Òun ni ẹnì kan tó kù yẹn. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí èèyàn bí ẹni tó ń pín búrẹ́dì. Bí Folúṣadé ṣe rí i ni inú rẹ̀ dùn, torí pé ó dá a mọ̀. Adé kékeré, ọmọ akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè! Bẹ́ǹṣì iwájú ló máa ń jókòó sí nínú kíláàsì Bàbá Kátíkíìsì, ikun imú rẹ̀ á máa ṣàn, Folúṣadé tó jẹ́ àgbà ọmọ ni yóò sì fi etí ìró nù ún fún un.

"Adékọ̀yà! Ṣé dáadáa lo wà? Màmá wa ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, bóyá ẹnì kan gbọ́. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó jọ pé Madam ṣì òun mú. Òun kò rántí pé àwọn ti pàdé rí.

Folúṣadé tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ jókòó.

Adájọ́ eré náà ni Malam Mubashir, ọ̀dọ́kùnrin onírùngbọ̀n kan tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kì í ṣègbè. Ó gbọn àpò ike, ó tẹ aago, eré bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn fún Folúṣadé. Q ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, lẹ́tà tí ẹlòmíràn ì bá fi sunkún. Ètè rẹ̀ mì díẹ̀, ẹran aginjù fò jáde, ó to QUAIL sí ojú ibi tó fún un ní àmì ìlọ́po. Ó tún kan àwọn lẹ́tà tí kò ní fáwẹ̀lì kankan. Ètè mì, ó rìn dé ibùjẹ ẹran ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù pẹ̀lú àwọn amòye, ó rí ẹ̀bùn òjíá tí wọ́n gbé dání, ó sì to MYRRH. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú gbọ̀ngàn náà, síbẹ̀ òógùn yọ níwájú orí Adékọ̀yà. Ó nawọ́ sókè.

"Adájọ́," ó wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, "mo ní ẹ̀sùn. Obìnrin yìí ń sọ nǹkan kan sí lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ yìí ni gbogbo wa. A mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ kí nǹkan lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́."

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn Folúṣadé rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní, "Kai!"

Hàwáwù ti dìde. "Ọfọ̀ kẹ̀? Wallahi, Lọ́yà, bó bá jẹ́ ọfọ̀ ni, ṣé ẹ̀yin á ṣì jókòó síbẹ̀ yẹn báyìí? Ẹ ò bá ti di àkèré!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mubashir náà gbé ẹ̀rín mì.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó yíjú sí Folúṣadé. "Ẹ má bínú, mọ̀mọ́. Kí lẹ ń sọ?"

"Orin ni."

"Irú orin wo?"

"Orin tí bàbá mi fi kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò ṣàjèjì sí Lọ́yà." Ó wo ojú Adékọ̀yà. "Adé, àbí o kò mọ̀ ọ́n?"

"Madam, n kò mọ orin náà. N kò sì mọ ibi tí ẹ ti kọ́ ọ."

Ìgbà kejì nìyẹn tó máa sẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Folúṣadé rántí àpọ́sítélì kan tó ń yáná nínú àgbàlá, tó ní òun kò mọ Ẹni tó mọ̀. Ó tilẹ̀ dẹtí díẹ̀, bóyá àkùkọ kan á kọ ní Malali.

Mubashir ronú, ó sì dájọ́. Ó ní òun kò pè é ní ọfọ̀ o. Ṣùgbọ́n òfin eré sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa sọ lábẹ́lẹ̀ ohun tí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ kò lè gbọ́. Kí mọ̀mọ́ dákẹ́. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, òun yóò gba eré lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò fún Lọ́yà.

Folúṣadé gbìyànjú. Ẹ ṣàánú ẹni tí wọ́n bá ní kó fi ẹnu pípa mọ́ wá ohun tó jẹ́ ẹnu ló ń mú un wá! Ó wo àwọn ike, àwọn ike náà wò ó. Ó tẹ ètè mọ́ra bí ẹni tó di abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá ó to TIN, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kíláàsì kejì rẹ̀ mọ̀. Adékọ̀yà to ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó sì kọjá rẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pọ̀. Folúṣadé tún dákẹ́, ó tún to nǹkan kékeré. Adékọ̀yà tún lọ síwájú. Ó wá ń fi pẹ́ńsù lu ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ara ti tù ú.

Ìgbà tó kàn, Folúṣadé kó ọwọ́ bọ àpò, J ló fà yọ.

Àmì tó wà lórí J pọ̀, bó bá rí ilé wọ̀. Bí kò bá sì rí ilé wọ̀, ẹrù ni, òun ni yóò sì rì í. Aago ń lọ. Orin ti dé ẹnu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn, Hàwáwù ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà ọwọ́ rẹ̀ júwe fún un pé kó rọra, kó fi J sílẹ̀, kó to ohunkóhun, kí wọ́n má baà lé e.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Dáníẹ́lì sọ sí Folúṣadé lọ́kàn. Wọ́n ṣòfin nítorí ẹnu rẹ̀ nìkan. Nígbà tí ó gbọ́ òfin náà, ilé ló lọ, ó ṣí fèrèsé, ó sì gbàdúrà bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Kò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ gbà á. Fèrèsé ló ṣí.

"Malam Mubashir," ó wí, "ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mò ń sọ ohun tí ẹnìkejì mi kò gbọ́. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mọ̀mọ́."

"Ó dáa. N ó kọ ọ́ kó gbọ́. N ó kọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́."

Hàwáwù figbe ta. "Yéè! Ìyá Moyinọlá! Gbogbo lẹ́tà ọwọ́ yín ló máa mọ̀ o! Ó máa dí gbogbo ọ̀nà pa!"

"Kó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bá fi pamọ́ ni wọ́n lè pè ní ọfọ̀. Orin bàbá mi kì í ṣe ọfọ̀." Ó yíjú sí gbogbo ilé. "Ilé ìjọsìn ni mo ti kọ́ ọ, àárín ọmọdé, ojú ọ̀sán gangan. Ẹ lè gba pátákó yín. Ẹ lè gba Ìbàdàn, kí ẹ gbé e fún ẹni tó wù yín. Ṣùgbọ́n ẹnu tí Ọlọ́run dá mọ́ mi yìí, kò sí nínú àwọn ike tó wà nínú àpò yẹn. N kò ní dákẹ́."

Adékọ̀yà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni yóò máa ta Sikirábù, tí ẹni tó ń bá a ta yóò sọ lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò kọ̀ ọ́?

"N kò ní àtakò," ó wí.

"Lọ́yà, ẹ gbà kó kọ ọ́ sókè?" ni Mubashir bi í.

"Mo gbà á. Ẹ jẹ́ kó kọrin."

"Gbogbo ilé gbọ́ o," ni Mubashir wí.

Folúṣadé gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń gbé e lé bẹ́ǹṣì. Ó mí kanlẹ̀. Ó lé e.

"Ta ló ní J lọ́wọ́?"

Adékọ̀yà ti tẹrí sórí pátákó, ó ń wá gbogbo ibi tí J lè gbà wọlé, kó lè mọ èyí tí òun yóò dí. Folúṣadé fúnra rẹ̀ gbè é: "Jasper ló ni ín, ìpìlẹ̀ kìíní!" Ó wo ike rẹ̀. Kò ní S, kò ní P. Jasper kò lè dúró. Ó lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé ohùn ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ní ibi tí Bàbá Kátíkíìsì ti máa ń gbé e ga tí yóò sì na ìka sí bẹ́ǹṣì iwájú:

"Ta ló tún ni ín?"

"Jacinth ló ni ín, ìpìlẹ̀ kọkànlá!"

Kì í ṣe ohùn Folúṣadé. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn tó nípọn, tó bọ́ sínú orin gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà rẹ̀, títí kan bí wọ́n ṣe máa ń fa ìparí rẹ̀ sókè. Gbogbo ojú yí sí tábìlì. Ẹnu Lọ́yà Adékọ̀yà ṣì là sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà tọ́ọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sí ìdúró.

Hàwáwù ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Subhanallah! Kò mọ orin, ó mọ ègbè! Toh! Ó ku kó gba owó igbá!"

Ẹ̀rín bú jáde dé ojú fèrèsé. Folúṣadé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin náà.

"O káre, Adé," ó wí jẹ́jẹ́. "Òkúta kò ní bá ọ dáhùn lónìí."

Mubashir na ọwọ́, ó dá aago dúró. Ojú rẹ̀ ti le. "Lọ́yà, ẹ jókòó níwájú mi, ẹ ní ẹ kò mọ ohun tí mọ̀mọ́ ń sọ. Lórí ọ̀rọ̀ yín ni mo ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀sùn èké da eré rú, òfin fún mi láyè láti gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ̀mọ́, ẹ ti borí."

Àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Folúṣadé gbọ́wọ́ sókè.

"Rárá o."

"Mọ̀mọ́?"

"N kò dúró de ìdájọ́ láti àárọ̀, ọmọ mi, àyè ni mò ń bèèrè. Bí mo bá tibí yìí dé Ìbàdàn, kí n lè sọ fún àwọn ọmọ mi pé orin ló gbé mi dé ibẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n lé ẹnì kan kúrò nídìí tábìlì fún mi. Ẹ tẹ aago yín padà."

Mubashir tẹ aago.

T kan wà lórí pátákó, tí àyè gba lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Folúṣadé to J, A, C, I àti N síwájú rẹ̀, ó fi H tì í lẹ́yìn. Títí di òní, Hàwáwù ń sọ kiri Mando pé Lọ́yà ló fi ẹnu ara rẹ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ náà. Folúṣadé ní irọ́ ni, ó ti wà lórí ahọ́n òun kí Adé tó já a gbà. Ọlọ́run ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn rí ni pé láti ìgbà náà lọ, obìnrin náà ń kọrin sókè láìfi bò, ó ń fi lẹ́tà rẹ̀ han ayé, bẹ́ẹ̀ ni Adékọ̀yà kò rí ọ̀nà kankan dí, torí pé bó bá ti fẹ́ ronú, ègbè ló ń dún lórí rẹ̀. Ó jà, kò sì já eré náà sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àpò gbẹ, Folúṣadé ló wà níwájú.

Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkùnrin náà wá bá a. Ó ti tú táì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Folúṣadé." Yorùbá ló fi pè é.

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn tó wà níbí… n kò sọ ibi tí mo ti wá fún wọn rí."

"O ti sọ ọ́ lónìí. O sì sọ ọ́ dáadáa, ohùn rẹ kò yẹ̀." Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ikun imú náà ti gbẹ. Ìyẹn nìkan tó ọpẹ́. Lọ kí màmá rẹ fún mi."

Mubashir sìn wọ́n dé géètì. "Mọ̀mọ́, Ìbàdàn ńkọ́?" ó bi í. "Àwọn adájọ́ ibẹ̀ le ju èmi lọ. Wọn kò ní fẹ́ gbọ́ orin."

"Tẹ̀ wọ́n láago, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé ẹnu kan ń bọ̀ láti Sabon Tasha, pé kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣòfin, kí wọ́n tètè ṣe é, kí n lè mọ fèrèsé tí n ó ṣí."

Mégádì ṣí ilẹ̀kùn géètì méjèèjì gbayawu fún wọn. Hàwáwù ní òun kò ní lọ sí Mando mọ́, àfi kí òun sin ọ̀rẹ́ òun kọjá afárá odò. Wọ́n wọ kèké. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Folúṣadé fi lu ẹ̀yìn àga awakọ̀:

"Ta ló ní Q lọ́wọ́?"

"Quail ló ni ín, ẹran aginjù!" ni Àlàájà Hàwáwù fi dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ya kúrò nínú orin pátápátá.

Awakọ̀ yíjú padà, ó fi Hausa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, òun kò gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Wo iwájú rẹ, ọmọ mi," ni Folúṣadé wí, ó sì gbé orin náà ga sí i.